Bí Ọ̀tún Bá Fẹ̀, Òsì Á Fún: Ọkàn Ọmọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì ọmọdé, ì báà jẹ́ ní Wesley Guild ní Iléṣà, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN ní Òṣogbo: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ti dí ihò ọkàn ẹ̀, kí ló tún kù tí à ń wá?" Ìbéèrè gidi ni. Owó ti lọ, omijé ti dà, ọmọ ti padà sí ilé ìwé, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣe ọkàn fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí á jọ fara balẹ̀ wò ó, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀, ó máa ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n kàn pàṣẹ fún, bó bá di ọdún kejì, wọn ò ní í rí i mọ́.

Ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́: bí ọkàn yín ṣe tó nìyẹn. Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín: bí tirẹ̀ náà ṣe tó nìyẹn. Iyàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Méjì tó wà lókè ló ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé. Méjì tó wà nísàlẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, àwọn ni àwọn dókítà ń pè ní ventricle. Àwọn ti ìsàlẹ̀ yìí lọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí náà níbikíbi tí mo bá ti wí pé iyàrá ọ̀tún tàbí iyàrá òsì, ti ìsàlẹ̀ ni mò ń wí.

Iyàrá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ ti dín kù, ó sì ń tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba òmíràn. Iyàrá òsì ń gba èyí tó ti ẹ̀dọ̀fóró dé, ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀fóró sún mọ́ ọkàn, kò sì le láti ti ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ọ̀tún kò gba agbára púpọ̀. Ìfúnpá 120 tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, ti òsì nìyẹn. Ti ọ̀tún kì í sábà ju bí 25 lọ. Ara òsì nípọn tó bíi mílímítà 10, ti ọ̀tún kò ju 3 sí 5. Òsì ki, ó rí roboto. Ọ̀tún fẹ́lẹ́, ó sì lọ́ mọ́ òsì lára.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀tún bá tì jáde, tó bá ti gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, òun náà ni òsì máa rí gbà. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi lítà 5 ni ọkọ̀ọ̀kan wọn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀tún bá fi 4 ránṣẹ́, òsì kò lè rí 5 pín fún ara. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi so kọ́ra nìyẹn, kò sì le láti yé ni.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín iyàrá méjèèjì yìí, ẹran ni ògiri náà, ó lè sún, ó lè tẹ̀. Àpò kan tó le, tí kì í fà bọ̀rọ̀, ló sì bo gbogbo ọkàn lóde. Àpò ọkàn ni mo máa pè é. Ẹ fojú inú wo àwọn ìyá aláṣọ méjì tó jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Atàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, tí wọ́n fi kọ́tìnnì dá a sí méjì. Ṣọ́ọ̀bù ò lè fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ. Bí ìyá ọwọ́ ọ̀tún bá ń ra ọjà kún ọjà, tó ń to béèlì aṣọ lé ara wọn títí wọ́n fi fara ti kọ́tìnnì, kọ́tìnnì á wú sí ọ̀dọ̀ ìyá ọwọ́ òsì. Ìyá yìí kò jẹ gbèsè, ọjà rẹ̀ kò bàjẹ́, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ibi tó ń tẹ́ aṣọ sí ti dín kù, oníbàárà méjì kò lè dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Kọ́tìnnì ni ògiri àárín, ògiri ṣọ́ọ̀bù ni àpò ọkàn.

Kò sí ọkàn tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kódà ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Nígbàkígbà tí ẹ bá fa èémí sínú, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ iyàrá ọ̀tún á pọ̀ sí i, ó á fẹ̀ díẹ̀, ògiri àárín á sún sí òsì, ẹ̀jẹ̀ tí òsì ń gbà á sì dín díẹ̀. Ìfúnpá yín á wálẹ̀, kì í sábà tó 10, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá mí jáde, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Kí ògiri sún kì í ṣe àrùn. Kó sún kó má padà ni àrùn.

Ọ̀nà kẹta ni okùn ẹran tí ọkàn fi ń fún ara rẹ̀ pọ̀. Àwọn okùn kan wà tí kò dúró sí apá kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara òsì, wọ́n sì lọ́ yí ọ̀tún ká. Bí òsì bá fún ara rẹ̀ pọ̀, ó ń bá ọ̀tún ṣe lára iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́dún 1943, Isaac Starr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iná jó ẹran iyàrá ọ̀tún àwọn ajá nínú ilé ìwádìí, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò kó jọ sẹ́yìn ọkàn bí ènìyàn ì bá ti retí. Àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn wọn rí i pé nínú agbára tí ọ̀tún fi ń ti ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìdá 20 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òsì ló ti ń wá. Ṣáájú Starr, lọ́dún 1910, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Bernheim ti kọ ọ́ pé òsì tó bá ki jù lè há ọ̀tún mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fura pé àwọn méjèèjì kò dá dúró.

Ó wá kan ọmọ. Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n ń bí láyé, nǹkan bí 8 tàbí 9 ni wọ́n ń bí tòun ti àléébù kan nínú ọkàn. Ihò tó wà lára ògiri àárín, láàárín ọ̀tún àti òsì, ló wọ́pọ̀ jù. Nínú àwọn àléébù tó ń mú kí ètè ọmọ dúdú, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni tetralogy of Fallot. Fallot jẹ́ dókítà ní Marseille, ní Faransé, ọdún 1888 ló ṣàlàyé àìsàn náà yékéyéké. Nǹkan mẹ́rin ló ń pàdé nínú rẹ̀, nítorí náà àléébù mẹ́rin ni mo máa pè é: ihò wà lára ògiri àárín, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fún, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara jókòó lé ihò náà lórí, dípò kó wà lórí òsì nìkan, ara iyàrá ọ̀tún sì ki nítorí iṣẹ́ àṣejù.

Àwọn ará Òṣogbo mọ àwọ̀ aró dáadáa. Bí ètè, ahọ́n àti èékánná ọmọ bá ń fà sí àwọ̀ yẹn nígbà tó bá ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú, kì í ṣe òtútù ló mú un. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba ihò yẹn bọ́ sí ara. Lára àwa tí a dúdú, ahọ́n àti inú ẹnu ni ẹ ti máa tètè rí i, ẹ má kàn wo ojú ọmọ lásán.

Èyí tó bá ti ń rìn nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á sáré díẹ̀, á dúró, á wá lóṣòó. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣàjèjì sí ìlóṣòó, àwọn Òṣómàáló tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó aṣọ wọn ti jẹ́ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ti ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Bó bá lóṣòó, iṣan itan àti ti orúnkún rẹ̀ á ká, á ṣòro fún ẹ̀jẹ̀ láti wọ ẹsẹ̀, ìfúnpá ní apá òsì á ròkè, ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ gba ihò sá lọ sí ara á wá rí i pé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló rọrùn jù. Atẹ́gùn á pọ̀ sí i, ojú ọmọ á là. Ara rẹ̀ ló wá ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú pápá ilé ìwé, ẹ má nà án pé ọ̀lẹ ni. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Iṣẹ́ abẹ tó kọ́kọ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wáyé ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Alfred Blalock ló di ọ̀bẹ mú. Helen Taussig, dókítà àwọn ọmọdé, ló mú àbá náà wá. Vivien Thomas, ọmọ adúláwọ̀ tí kò rówó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ló ti ṣe é yọrí lára ajá ṣáájú. Ó gorí àpótí lẹ́yìn Blalock lọ́jọ́ náà, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Iṣan apá ni wọ́n yà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìrọ̀rùn ni ìyẹn, ọkàn fúnra rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ọdún 1954 ni Walton Lillehei ní Minnesota ṣí ọkàn, tó dí ihò, tó sì la ọ̀nà tó fún. Ní Nàìjíríà, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn, ní ilé ìwòsàn UNTH ní Enugu, nígbà tí Magdi Yacoub ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá Fabian Udekwu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe é. Lónìí, ọmọ Ọ̀ṣun tí wọ́n bá rí àléébù yìí lára rẹ̀ lè di ẹni tí wọ́n darí lọ sí Ìbàdàn, Èkó, tàbí Babcock ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ. Àwọn mìíràn ń bá a dé Korle Bu ní Accra, tàbí Íńdíà.

Kí ni oníṣẹ́ abẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ó ń fi àbùlẹ̀ dí ihò. Ó ń gé ẹran tó dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọ̀nà náà bá ṣì fún jù, ó máa là á gba inú fáàfù kọjá, á sì ran àbùlẹ̀ mọ́ ọn kó lè fẹ̀. Fáàfù ni awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ kó má padà. Bí wọ́n bá ti là á kọjá, kò ní í lè pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà. Oníṣẹ́ abẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣe é. Ọmọ tí ì bá kú ló yè, fáàfù kan ni wọ́n fi rà á padà. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún òbí ní Yorùbá tó yé wọn kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, nítorí inú fáàfù yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí iyàrá ọ̀tún bá ti mílílítà 100 jáde, 30 tàbí 40 lè jò padà sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi. Èyí tó ń ti ara bọ̀ náà kò dúró. Nítorí náà, iyàrá náà ń kún ju bó ṣe yẹ ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ọkàn sì ń lù tó 100,000 ìgbà lóòjọ́. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé kì í dun ọmọ. Ọdún 10 lè kọjá, ọdún 20 lè kọjá, ọmọ ti ṣe WAEC, ó ti wọ Pólì Ìrèé, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Òótọ́ ló ń sọ, bó ṣe ń ṣe é lára nìyẹn.

Ẹ bá mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́kò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn. Wọ́n á ní kí ọmọ bọ́ aṣọ òkè, kó fi apá òsì dùbúlẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á láyà, ọmọ á sún kì. Wọ́n á wá gbé ohun èlò kan tí kò ju ọwọ́ lọ lé e láàárín egungun ìhà. Ẹ ò ní í gbọ́ nǹkan kan, nítorí ìró náà ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Lójú ẹ̀rọ, ẹran á funfun, ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà á dúdú. Bí dókítà bá wo ọkàn ní ìdábùú, iyàrá òsì gbọ́dọ̀ yípo, bíi lẹ́tà O. Bí ọ̀tún bá ti fẹ̀ jù, ẹ máa rí i tí ògiri àárín ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí O ń di D. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Kò gba ìwé púpọ̀ láti rí i.

Ìgbà tí ògiri náà ń tẹ́ tún ń sọ nǹkan fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkàn ń sinmi, tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ni ó ń tẹ́, tó sì ń yípo padà nígbà tí ọkàn bá fún, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù ní ọ̀tún: fáàfù ń jò. Bó bá tẹ́ nígbà tí ọkàn ń fún pọ̀ náà, a jẹ́ pé ìfúnpá ọ̀tún ló ti ga jù. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró tún ti fún, ó sì lè jẹ́ pé àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ti le, bó ṣe máa ń rí lára ọmọ tó ní ihò ńlá tí wọn kò tètè dí.

Kí ni gbogbo èyí wá ń ṣe fún iyàrá òsì? Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà lókè yẹn ló ń gbà jẹ ẹ́ níyà pọ̀. Ọ̀tún tó ń jò kò fi ẹ̀jẹ̀ tó ránṣẹ́ gba ẹ̀dọ̀fóró wá. Ìwọ̀nba tó dé, àyè kò gbà á, nítorí ògiri àárín ti wú wọ inú òsì, àpò ọkàn kò sì jẹ́ kí òsì fẹ̀ síta. Ògiri àárín kan náà yìí ló yẹ kó bá òsì ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Tó bá ti ń lọ sódì, iṣẹ́ òsì dín kù. Bó bá pẹ́, ẹran òsì fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Tí òun bá sì rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún ọ̀tún á dín kù, ọ̀tún á tún fẹ̀ sí i, á tún há òsì mọ́ sí i. Wọ́n á máa fa ara wọn lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n tún àléébù mẹ́rin wọn ṣe ní kékeré, àìlera iyàrá òsì wà lára àwọn àmì tó lágbára jù lọ tó ń fi ẹni tó wà nínú ewu ikú òjijì hàn. Iyàrá tí ẹnikẹ́ni kò tìtorí rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nìyẹn o.

Iná tún wà ńbẹ̀. Iná kékeré kan ló ń sáré gba ara ọkàn kọjá tó ń sọ fún un pé kó fún. Ojú ọ̀nà iná ti apá ọ̀tún sábà máa ń fara gbá níbi tí wọ́n ti gé ẹran tí wọ́n sì ran àbùlẹ̀. Òsì á ti fún tán kí ọ̀tún tó tẹ̀lé e, ògiri àárín tó wà láàárín wọn kò ní í mọ ta ni kó gbọ́ tirẹ̀. Lórí ìwé ECG, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ ń ya ìrìn iná ọkàn sí, ibi tí wọ́n ń pè ní QRS ló ń fi hàn bí iná ṣe pẹ́ tó kó tó kárí àwọn iyàrá ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1995, Michael Gatzoulis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé bí ọ̀tún bá ṣe fẹ̀ tó ni QRS ń gùn tó, àti pé ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé 0.18 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọkàn rẹ̀ lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù gìdìgìdì lọ́nà tó lè pa á. ECG kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ẹ má jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìṣe é.

Ó lè ti òdìkejì wá pẹ̀lú. Ìfúnpá gíga, tó pọ̀ láàárín àwa àgbàlagbà, ń mú kí òsì ki kó sì le. Òsì tó le kì í gba ẹ̀jẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀tún tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ á wá rí iṣẹ́ mìíràn kún tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe, bó bá dàgbà, kò gbọdọ̀ fi ìfúnpá ṣeré.

Nǹkan kan wà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi kọ́ gbogbo ayé, tó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, ó sì dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti wá, èyí tí wọ́n ń fà ìlà ìwọ̀n ọmọ sí, tó sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Káàdì náà kì í gbé ilé ìwòsàn, ọwọ́ ìyá ló ń wà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín nìyẹn pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ abẹ ọmọ yín. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi í sínú ọ̀rá kí omi má kàn án, ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Kí ó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n la fáàfù kọjá tàbí wọn kò là á. Dókítà tó máa wo ọmọ náà ní ogún ọdún sí i lè má mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀, ìwé yẹn nìkan ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Láàárín kílíníìkì kan sí èkejì, ẹ máa wo ọmọ. Ṣé ó ti ń dúró gba èémí lórí àtẹ̀gùn tó máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́, tàbí ikùn rẹ̀? Ṣé ó ń wí pé àyà òun ń já, tàbí òyì ń kọ́ òun? Bó bá dákú lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Obìnrin tí wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe ní kékeré gbọ́dọ̀ rí dókítà ọkàn kó tó lóyún, tàbí ní kété tó bá ti rí i pé òun ti lóyún. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ara ń pọ̀ sí i tó nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, iyàrá ọ̀tún tó ti fẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ gba ẹrù yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ láyọ̀. Àmọ́ kí agbẹ̀bí má lọ jẹ́ ẹni tó máa ṣèèṣì rí àpá láàárín àyà rẹ̀ lọ́jọ́ ìrọbí.

Àtúnṣe wà fún fáàfù tó ń jò: wọ́n á fi tuntun síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n tún àyà là. Lọ́dún 2000, ní Paris, Philipp Bonhoeffer gba inú iṣan itan ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan fi fáàfù ránṣẹ́ sínú ọkàn rẹ̀, kò la àyà rẹ̀. Èyí tó le níbẹ̀ ni mímọ ìgbà. Fáàfù tuntun kì í wà títí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ pààrọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10 sí 15, nítorí náà dókítà kì í fẹ́ fi í sí ọmọ kékeré lára bí ọ̀ràn kò bá tíì le. Bí wọ́n bá sì dúró pẹ́ jù, ọ̀tún á fẹ̀ dé ibi tí kò ti lè súnkì mọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ń fi ẹ̀rọ MRI wọn ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀tún ń gbà, wọ́n á pín in sórí bí awọ ara ẹni náà ṣe fẹ̀ tó. Nínú ọkàn tó dára, ó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 90 fún mítà kan níbùú lóròó. Bó bá ti ń sún mọ́ 160, wọ́n á ti máa múra. Ẹni tí kò bá wá kílíníìkì kò lè sí nínú ìṣirò yìí.

Bí fáàfù tuntun bá wọlé lásìkò, láàárín oṣù díẹ̀ ni ọ̀tún á ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ògiri àárín á rí àyè padà sẹ́yìn, òsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á tún máa gba ẹ̀jẹ̀ sí i, á sì máa tì í jáde sí i. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kí ẹni náà máa fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa, kó sì sọ fún dókítà eyín pé òun ní fáàfù nínú ọkàn kí wọ́n tó yọ eyín kankan fún un, kí wọ́n lè kọ́kọ́ fún un ní oògùn apakòkòrò, nítorí kòkòrò ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bà lé fáàfù náà.